Ohùn Di Ti Gbogbo Ayé, Ọ̀rọ̀ Ṣì Ní Ẹni Tó Ni Ín: Ìtàn Àwọn Àwo Orin Lambert, Hendricks àti Ross

Nígbà tí Annie Ross papò dà ní ìlú New York ní ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2020, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù kí ó pé ẹni 90 ọdún. Òun ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá ẹgbẹ́ akọrin jáàsì tí a mọ̀ sí Lambert, Hendricks àti Ross sílẹ̀. Dave Lambert ti ṣáájú wọn lọ láti ọdún 1966. Jon Hendricks tẹ̀ lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017, lẹ́ni 96 ọdún. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, ṣùgbọ́n àwo orin wọn kò lọ. Wọ́n ń tún wọn tẹ̀ lemọ́lemọ́, lórí rẹ́kọ́ọ̀dù àti lórí sídì, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin kò fura sí ni pé, ní ọdún mélòó kan kí ìyá àgbà yìí tó kú, ilé iṣẹ́ èyíkéyìí ní Yúróòpù ti lè tẹ ohùn rẹ̀ jáde kí ó sì tà á láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, láìsan kọ́bọ̀ fún un nítorí ohùn náà. Kì í ṣe olè jíjà o. Òfin ni ó fàyè gbà á.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ṣùgbọ́n a kò lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù bí a kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Nínú orin jáàsì, onífèrè máa ń mú orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, yóò fọn ún bí ó ti rí, lẹ́yìn náà yóò fi í sílẹ̀, yóò wá máa dá àrà tirẹ̀ lórí rẹ̀. Àrà yìí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ó ti ń wá sí onífèrè lọ́kàn ni ó ń fọn ún. Kí rẹ́kọ́ọ̀dù tó dé, bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e lọ, ó ti lọ nìyẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni ó jẹ́ kí ènìyàn lè jókòó ti àrà kan ṣoṣo, kí ó gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún, títí tí yóò fi há a sórí. Ní àwọn ọdún 1940, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Pittsburgh, Eddie Jefferson, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: ó ń fi ọ̀rọ̀ sí àrà onífèrè, ìró kan sí sílébù kan, láìfo ọ̀kankan. Ní ọdún 1949, James Moody gba orin kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Sweden lórí fèrè saxophone. Jefferson kọ ọ̀rọ̀ sí àrà tí Moody dá níbẹ̀, akọrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní King Pleasure sì kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní ọdún 1952 pẹ̀lú orúkọ «Moody's Mood for Love». Òkìkí orin náà kàn káàkiri. Ẹni tí ó kọ ọ́ lẹ́nu ni òkìkí náà sì dé bá ju ẹni tí ó kọ ọ́ lórí ìwé lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí nínú ìtàn tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ máa tó yí padà.

Leonard Feather, òǹkọ̀wé nípa jáàsì, ni wọ́n sọ pé ó fún ọ̀nà ìkọrin yìí ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, ìyẹn vocalese.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí lè kọ́kọ́ rò pé kò sí tuntun níbẹ̀. Ṣebí ìlù tiwa náà ń sọ̀rọ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà rìn yàtọ̀ gédégbé. Ọ̀rọ̀ ni ó ṣáájú lọ́dọ̀ onídùndún. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ ni ó ń fi awọ sọ, ẹni tí ó gbọ́ èdè yóò sì gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyí, fèrè ti fọn tirẹ̀ tán kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ohun tí ó jọ ọ́ lọ́dọ̀ wa ni ìpọ́njú tí àwọn baba ìjọ dojú kọ nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin ìsìn tí ó ti Ìlú Ọba wá. Ohùn ti wà nílẹ̀, kò ṣeé yí. Ọ̀rọ̀ ni kí ó tẹrí ba fún un. Gbogbo wa la mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ohùn orin a máa ròkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kí ó wálẹ̀, ìtumọ̀ a sì máa di nǹkan mìíràn létí ẹni tí kò rí ìwé. Ọ̀rọ̀ yìí dun T. K. Ekundayo Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Lagos, débi pé ó kọ ìwé lé orin Yorùbá lórí ní ọdún 1953. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yìí. Ìyára ni ìṣòro tiwọn. Onífèrè lè fọn ìró mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ahọ́n ènìyàn wo ni yóò bá a dé ibẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yóò ṣì ní ìtumọ̀, tí yóò tún ní ìtàn tí ó ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ahọ́n Jon Hendricks ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1921 ní Newark, ìpínlẹ̀ Ohio, sí ilé olùṣọ́àgùntàn ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí ó ní ọmọ rẹpẹtẹ. Ìlú Toledo ni ó dàgbà sí, níbi tí Art Tatum, afọ́jú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú títẹ dùùrù, ti jẹ́ aládùúgbò wọn. Ọmọdé ni ó wà tí ó ti ń kọrin tí Tatum ń tẹ dùùrù sí i. Ó lọ sójú ogun ní Yúróòpù nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ó dé, ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó wọ̀ ní Toledo, iṣẹ́ lọ́yà ni ó sì ń lépa. Charlie Parker, ọ̀gá onífèrè, ni ó gbọ́ orin rẹ̀ tí ó sọ fún un pé New York ni ó yẹ kí ó wà. Lọ́yà kú, olórin dìde. Èmi a máa ronú sí i pé ẹni tí ó fẹ́ kọ́ òfin ni òfin wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohùn rẹ̀ nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀.

Dave Lambert, ọmọ Boston, ni ó jẹ́ àgbà láàárín wọn. Láti ọdún 1945 ni òun àti Buddy Stewart ti kọ «What's This?» pẹ̀lú ẹgbẹ́ Gene Krupa, ọ̀kan nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí a ti gbọ́ ohùn ènìyàn tí ó ń kọrin bí àwọn onífèrè ìgbà náà ti ń fọn ún. Iṣẹ́ Lambert gan-an ni títo ohùn: ta ni yóò wà lókè, ta ni yóò wà láàárín, ta ni yóò dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè gbọ́. Ní ọdún 1955, òun àti Hendricks gba «Four Brothers» sílẹ̀, orin tí Jimmy Giuffre kọ fún àwọn onísaxophone mẹ́rin inú ẹgbẹ́ Woody Herman. Níbẹ̀ ni Hendricks ti gba ọ̀nà tí Jefferson kò gbà. Jefferson fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu onífèrè kan. Hendricks fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀, kí àwọn trumpet máa bi àwọn saxophone ní ìbéèrè, kí àwọn saxophone fèsì, kí àwọn trombone sì máa dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ bí àwọn àgbà tí ó jókòó sí ìdí àga.

Ẹgbẹ́ Count Basie ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ ńlá náà. Creed Taylor, tí ó ń ṣe kòkárí àwo orin fún ilé iṣẹ́ ABC-Paramount, gbà láti bá wọn ṣe é ní ọdún 1957. Wọ́n kó ọ̀wọ́ akọrin jọ, àwọn tí ó mọ ìwé orin kà dáadáa. Wọ́n kọ gbogbo ìró bí ó ti wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò dùn. Ìjó inú orin Basie kò sí nínú ohùn wọn. Wọ́n pe Annie Ross, kí ó wá kọ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ náà bí ó ṣe yẹ kí ara máa mì sí i. Ẹ̀kọ́ náà kò wọlé. Owó ti ń lọ, àwo kò tíì sí. Lambert ni ó dá àbá pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akọrin yòókù máa lọ sílé, kí àwọn mẹ́ta péré kọ gbogbo rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Mẹ́ta nínú àwọn ará Basie fúnra wọn, Freddie Green lórí gìtá, Eddie Jones lórí báàsì, Sonny Payne lórí ìlù, pẹ̀lú Nat Pierce lórí dùùrù, kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Lẹ́yìn náà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ apá kan lé e lórí. Wọ́n tún padà, wọ́n tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ti kọ, wọ́n sì kọ apá mìíràn lé ìyẹn náà lórí, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ohùn mẹ́ta fi di ohùn ẹgbẹ́ ńlá. Annie Ross ni ó ń gun òkè níbi tí àwọn trumpet wà, ibi tí ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè dé láìdi ariwo. Àwọn kan máa ń sọ pé àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ohùn lé ohùn báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Les Paul àti Mary Ford ti ń ṣe é ṣáájú wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe ni kí ènìyàn mẹ́ta fi ẹnu di ẹgbẹ́ Count Basie, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀. «Sing a Song of Basie» ni wọ́n pe àwo náà. Nígbà tí ó jáde, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá, àwọn mẹ́ta tí ó pàdé nítorí pé ọgbọ́n àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ sì di ẹgbẹ́.

Àwọn tí ó ń tún àwo yìí tẹ̀ ní ìṣòro kan tí ó wá láti inú ọgbọ́n yẹn. Nígbà náà, bí a bá fẹ́ fi ohùn lé ohùn, àfi kí a da téèpù kan kọ sórí òmíràn bí akọrin ti ń kọ tuntun mọ́ ọn. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣe é, ariwo kẹ̀ẹ̀ inú téèpù ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ ayé òde òní lè fọ ariwo náà kúrò, ṣùgbọ́n èémí akọrin àti ìró «s» àti «t» inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú ariwo yẹn. Ẹni tí ó bá fọ̀ ọ́ jù yóò fọ ọ̀rọ̀ Hendricks dànù, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni àwo náà wà fún. Ní tèmi, ẹ̀dà tí ó ṣì ní kẹ̀ẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ni mo fẹ́ràn jù.

Ta wá ni Annie Ross? Òbí rẹ̀ jẹ́ òṣèré orí ìtàgé, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Ìlú Ọba ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ti dàgbà, ìyẹn Ella Logan, akọrin olókìkí. Ọmọdé ni ó ti ń hàn nínú sinimá. Nígbà tí ó di ọdún 1952, tí ó jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin ẹni 22 ọdún tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, Bob Weinstock tí ó ni ilé iṣẹ́ Prestige bi í bóyá ó lè kọ irú ọ̀rọ̀ tí King Pleasure ń kọ. Ó ní òun lè kọ ọ́. Ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù lọ sílé, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó pé. Àrà tí ó yàn ni èyí tí Wardell Gray fi saxophone dá ní ọdún 1949, tí ó pè ní «Twisted», ohun tí ó lọ́. Nínú orúkọ yẹn ni Ross ti rí ìtàn: obìnrin kan tí dókítà ọpọlọ sọ pé orí rẹ̀ dàrú, tí òun sì ń fi ẹ̀rín àti ìgbéraga ṣàlàyé pé dókítà ni kò gbọ́n. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé orin àwàdà ni. Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, yóò rí i pé gbogbo ibi tí fèrè Gray ti fò, ti yọ̀, tàbí ti kọsẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni èrò obìnrin náà ti fò, ti yọ̀, tí ó sì kọsẹ̀.

Wọ́n bá òkú Wardell Gray nínú aginjù lẹ́bàá Las Vegas ní oṣù Karùn-ún ọdún 1955. Ẹni 34 ọdún ni. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó mọ àrà tí ó dá nínú «Twisted» kò gbọ́ fèrè rẹ̀ rí; ẹnu obìnrin ni wọ́n ti gbọ́ ọ, bóyá lẹ́nu Ross, bóyá lẹ́nu Joni Mitchell tí ó tún un kọ nínú àwo rẹ̀ ti ọdún 1974. Orúkọ Gray wà lára orin náà pẹ̀lú ti Ross, nítorí òun ni ó ni ohùn orin náà láti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo «Little Pony» tí ó wà nínú «Sing a Song of Basie». Gray náà ni ó dá àrà inú rẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́dọ̀ Basie ní ọdún 1951, àrà yẹn ni Hendricks sì há sórí tí ó fi ọ̀rọ̀ sí, tí ó wá kọ ọ́ bí ẹni tí ẹ̀mí gbé. Neal Hefti ni ó kọ orin náà, nítorí náà tirẹ̀ ni orin. Gray tí ó dá àrà kò ní nǹkan níbẹ̀. Ọkùnrin kan náà, fèrè kan náà. Nínú ọ̀kan ó jẹ́ onílé, nínú èkejì ó jẹ́ àlejò.

Mo ní láti sọ ti àwọ̀ díẹ̀, bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tilẹ̀ fi ṣe ìwàásù. Aláwọ̀ dúdú ni Hendricks, aláwọ̀ funfun ni àwọn méjì yòókù, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957, àárín ìgbà tí àwo àkọ́kọ́ wọn ń lọ lọ́wọ́, ni ìjọba Amẹ́ríkà kó sójà lọ sí Little Rock kí àwọn ọmọ dúdú mẹ́sàn-án lè wọ kíláàsì. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn mẹ́ta wọ̀nyí ti ń jọ gun orí ìtàgé kan. Louis Armstrong bínú sí ìjọba ní gbangba nítorí Little Rock. Nígbà tí Dave Brubeck àti Iola ìyàwó rẹ̀ sì ṣe eré olórin «The Real Ambassadors», tí wọ́n fi bú ìjọba tí ó ń rán àwọn olórin dúdú lọ sókè òkun bí aṣojú tí kò sì fún wọn ní ẹ̀tọ́ nílé, Armstrong ni ó ṣe olórí, Lambert, Hendricks àti Ross sì ni ohùn tí ó ń gbè é. Inú orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan tí wọ́n fi orí ara wọn dá ni eré náà ti wáyé. Armstrong tìkára rẹ̀ ti rí Áfíríkà tòótọ́: ọdún 1960 tí a gba òmìnira ni ó wá sí Nàìjíríà. Àwo «The Real Ambassadors» jáde ní ọdún 1962.

Kí n má fa ìyókù gùn. Wọ́n ṣe «Sing Along with Basie» ní ọdún 1958, èyí tí Basie àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fúnra wọn bá wọn ṣe, wọ́n ṣe «The Swingers!» fún World Pacific, wọ́n wá lọ sí Columbia, níbi tí wọ́n ti ṣe mẹ́ta: «The Hottest New Group in Jazz», èyí tí wọ́n fi kọ orin Duke Ellington, àti «High Flying» tí ó gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1962. Ọdún 1962 yẹn náà ni Ross kúrò. Ara rẹ̀ kò yá, oògùn olóró sì ti mú un. Òun fúnra rẹ̀ kò fi í pamọ́ nígbà tó yá. Yolande Bavan, ọmọ Ceylon tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, gba ipò rẹ̀. Ẹgbẹ́ tú ká ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1966, Lambert ń pààrọ̀ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Connecticut, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì pa á. Ẹni 49 ọdún ni.

Ní ọdún 1996, Columbia kó àwo mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ sórí sídì méjì. Ross àti Hendricks ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì ń kọrin. Ìtúntẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ti ẹni tí ó ni nǹkan tí ó ń tún nǹkan rẹ̀ gbé jáde, bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn.

Òfin ni ó wá yí i padà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù ìgbà náà, ọdún 50 ni òfin fi ń ṣọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àti fún akọrin, láti ìgbà tí àwo bá ti jáde. Àwo tí ó jáde ní ọdún 1957 di ti gbogbo ayé nígbà tí ọdún 2007 parí. Ti ọdún 1961 di ti gbogbo ayé nígbà tí ọdún 2011 parí. Àwọn olórin àtijọ́ pariwo. Cliff Richard, tí àwọn àgbà wa mọ orin rẹ̀ dáadáa, wà ní iwájú wọn ní Ìlú Ọba. Ìjọba Yúróòpù gbọ́ igbe wọn ní ọdún 2011, wọ́n sọ ọdún 50 di ọdún 70, òfin tuntun náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ṣùgbọ́n kò jí òkú dìde. Àwo tí ìṣọ́ rẹ̀ bá ti parí kí ọjọ́ náà tó dé, ó ti parí nìyẹn. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé gbogbo àwo tí ó jáde títí dé òpin ọdún 1962 ti bọ́ sóde, tí èyí tí ó jáde ní ọdún 1963 sì wọlé.

Ẹ wá wo ibi tí ààlà yìí bọ́ sí. Gbogbo àwo tí Annie Ross bá ẹgbẹ́ yìí ṣe, láti ti Basie títí dé «The Real Ambassadors», kò sí èyí tí ó jáde lẹ́yìn ọdún 1962. Gbogbo wọn pátápátá ni ó bọ́ sóde. Èyí tí ó pẹ́ jù nínú wọn fi oṣù mẹ́wàá péré tàsé òfin tuntun. Ross jẹ́ ẹni 83 ọdún nígbà náà, Hendricks jẹ́ ẹni 92.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Ohùn nìkan ni òfin yìí kàn. Ẹni tí ó kọ orin àti ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ àti fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà ilé iṣẹ́ tí ó bá tún «The Hottest New Group in Jazz» tẹ̀ ní Yúróòpù láìbi Ross léèrè gbọ́dọ̀ ṣì san owó ọ̀rọ̀ «Twisted», nítorí òun ni ó kọ ọ́, ní òru ọjọ́ kan ní ọdún 1952, nígbà tí ó ń wá owó oúnjẹ. Ẹ̀tọ́ Hendricks lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù yóò wà títí di òpin ọdún 2087. Ní ayé Jefferson, ẹnu ni ó borí. Ìwé ni ó borí níkẹyìn.

Lambert ni mo káàánú jù. Ọ̀rọ̀ kọ́ ni agbára rẹ̀. Títo ohùn ni, àti ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tí ó máa ń wà láàárín àwọn méjì yòókù bí òpó àárín ilé. Ẹni tí ó to ohùn kì í sábà sí lára àwọn tí owó orin ń gbà ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ẹnu tí ó sì fi kọ ọ́ ti di ti gbogbo ayé. Bí a bá gbọ́ «Sing a Song of Basie» lónìí, ọgbọ́n ẹni tí ó ní kí àwọn yòókù máa lọ sílé ni à ń gbọ́, kò sì sí ojú ìwé òfin kan tí orúkọ rẹ̀ wà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun lásán ni. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 pàápàá, ọdún 50 ni ó fún ohùn tí a gbà sílẹ̀, ó sì fún ẹni tí ó kọ orin ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Èyí ni pé ohùn inú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù Haruna Ishola tí ó jáde ní ọdún 1971 ti kúrò lábẹ́ ìṣọ́ níbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti orin tí ó kọ ṣì jẹ́ ti àwọn àrólé rẹ̀ títí di òpin ọdún 2053, nítorí ọdún 1983 ni ó kú. Lọ́dọ̀ olórin àpàlà, ẹnu tí ó kọ ọ́ ni ẹnu tí ó kọ ọ́ jáde, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó lu ìlù sí i ńkọ́, tí àrà ọwọ́ wọn kò sí lórí ìwé? Ipò Wardell Gray nínú «Little Pony» ni wọ́n wà.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 ní kí gbogbo ohùn tí a gbé jáde láti ọdún 1957 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972 wà lábẹ́ ìṣọ́ títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2067. Àwo kan náà, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ní Madrid, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án ní New York láìgba àṣẹ.

Ti Yolande Bavan wá ńkọ́? Ilé iṣẹ́ RCA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn àwo tí ó bá Lambert àti Hendricks kọ jáde ní ọdún 1963, gbogbo wọn níwájú èrò, ọ̀kan nínú wọn ní àjọ̀dún Newport. Wọ́n bọ́ sí apá kejì ààlà: òfin Yúróòpù ń ṣọ́ wọn títí di òpin ọdún 2033, ó kéré tán. Ilé iṣẹ́ kékeré kò lè dédé tẹ̀ wọ́n, ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ni wọ́n kò sì kánjú.